Ọ̀rọ̀ Tí Mo Kọ Sábẹ́ Fíìmù Ológbò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n lè jókòó sójú kan mọ́. Bí mo bá jókòó, màá tún dìde. Oníbàárà á béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, nǹkan mìíràn ni màá gbé fún un. Mo ba ayé èèyàn méjì jẹ́, àwọn méjèèjì kò sì mọ̀ pé èmi ni. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń gbàdúrà fún mi.

Mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan gbé òkú ọmọ ológbò sí ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá tún dákẹ́, ohun tí wọ́n máa gbé wá lẹ́yìn èyí lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nímà ni wọ́n bí mi sí, ní Accra níbí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi. Nínú àgbàlá tí mo dàgbà sí, yàrá wa kọjú sí yàrá àwọn Nímọ́tà. A jọ lọ ilé kéú, a jọ lọ ilé ìwé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bá rìnrìn àjò ọjà, orí ẹní wa ló máa ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó máa ń kérora lójú oorun. Màá fi ẹsẹ̀ tì í, á sì dákẹ́.

Nígbà tí a tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọkùnrin kan wá ya fíìmù ládùúgbò wa. Yorùbá bíi tiwa ni, Bọ̀ọ́dá Fíìmù ni gbogbo wa ń pè é. Fíìmù tó ń dẹ́rù bani ló máa ń ṣe, wọ́n á wá máa ta kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ọjà Kaneshie.

Ìtàn fíìmù náà kò ṣòro. Ọmọbìnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Kò ní ọ̀rẹ́ kankan àfi àwọn ológbò tó ń rìn kiri àgbàlá. Àwọn ará ilé kórìíra ọmọ náà, wọ́n wá fi májèlé pa àwọn ológbò rẹ̀. Ni àwọn ológbò bá jí pẹ̀lú ojú pípọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ àwọn tó pa wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kò ku ẹnì kankan mọ́, wọ́n padà wá sùn yí ẹsẹ̀ ọmọ náà ká, wọ́n ń kùn bí ìgbà tí wọ́n wà láàyè.

Nímọ́tà ni wọ́n mú ṣe ọmọ yẹn. Èmi náà fẹ́ ṣe é. Bọ̀ọ́dá Fíìmù dán mi wò, ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tó bá ní kí n sunkún, ẹ̀rín ló ń bọ́ lẹ́nu mi. Ó wá ní kí n má bínú, pé òun máa fún mi ní iṣẹ́ mìíràn.

Iṣẹ́ ológbò ló fún mi. Ẹ ò lè sọ fún ológbò pé kó máa tẹ̀ lé èèyàn. Mómónì la lò, ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ títí tó fi ń rùn, èyí tí àwọn ará Gánà máa ń fi sí ọbẹ̀. Kí wọ́n tó ya Nímọ́tà, èmi ni màá gbo mómónì náà mọ́ ọwọ́ rẹ̀, mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Bó bá ti ń rìn, àwọn ológbò á máa wọ́ tẹ̀ lé e. Èmi á sá sẹ́yìn ògiri kí kámẹ́rà má baà rí mi. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń dímú bí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí mómónì yìí. Kò sí ẹnikẹ́ni láyé yìí tó mọ̀ tó mi pé ẹja ni àwọn ológbò yẹn ń tẹ̀ lé. Ìyẹn ló jẹ́ kí ohun tí mo ṣe burú tó bẹ́ẹ̀.

A dàgbà. Mo lọ́kọ, a kò bára wa gbé pẹ́. Mo wá ń ta ìbòrí fóònù àti ṣájà ní Circle, ọjà ńlá kan ní Accra níbí. Nímọ́tà fẹ́ Mùfútáù, mẹkáníìkì tó jẹ́ ọmọlúàbí. Nínú àgbàlá tí wọ́n háyà, ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń bá àwọn ìyá ọlọ́jà tọ́jú ọmọ. Bí ẹ bá wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ máa bá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lórí ẹní, wọ́n ń sùn kalẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n sá iṣu. Ràfíátù, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, máa ń ràn án lọ́wọ́ ní àárọ̀ kó tó lọ sí ibi tó ti ń kọ́ aṣọ rírán.

Kò tíì pẹ́ tí ẹnì kan gbé fíìmù àtijọ́ yẹn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà kan ló fi hàn mí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo pariwo. Àgbàlá wa rèé, ìkòkò omi màmá mi rèé, Nímọ́tà kékeré rèé. Mo wò ó tán, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n pọ̀. Ẹnì kan ní òun kò lè dá lọ sí ilé ìtọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ nígbà tí òun wò ó ní kékeré. Ẹnì kan ní irọ́ ni, pé tọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rá pupa ni wọ́n fi ṣe ojú àwọn ológbò yẹn. Obìnrin kan ní kì í ṣe fíìmù ẹ̀rù rárá, pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ni, pé ìgbà tí àwọn ológbò padà wá sùn sí ẹsẹ̀ ọmọ náà ni òun sunkún jù. Ọkùnrin kan wá kọ ọ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, kò sí ẹni tó fẹ́ràn òun bí àwọn ológbò yẹn ṣe fẹ́ràn ọmọ yẹn. Gbogbo wọn ló ń béèrè pé: ta ni ọmọ yìí? Níbo ló wà?

Mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé: "Mo wà níbẹ̀. Mómónì ni wọ́n fi pa á lọ́wọ́ tí àwọn ológbò fi ń tẹ̀ lé e. Èmi ni mo ń fi pa á lọ́wọ́." Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, àfi ẹnì kan tó fi mí rẹ́rìn-ín, tó ní kí n lọ jókòó, kí n má ba fíìmù jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Nímọ́tà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni ọmọ náà. Ariwo sọ. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń súre fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀ọ́dá Fíìmù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Mo ń wò ó bóyá ó máa dárúkọ mi. Kò dárúkọ mi. Mi ò rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fò mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó dùn mí títí dé egungun.

Mo ṣí orúkọ mìíràn. Mo kọ ọ́ pé mo gbé àgbàlá kan náà pẹ̀lú ọmọ yẹn, pé kì í ṣe eré ni wọ́n ń ṣe. Mo ní àwọn ológbò yẹn mọ ẹni wọn. Mo ní bí ó bá sùn, ohùn ológbò ló fi ń ké. Mo ní kí ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ọmọ wọn fún un tọ́jú ní Nímà, kí wọ́n la ojú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ fún yín mọ́: inú mi dùn. Kí n tó ta ọjà méjì, àwọn èèyàn ti kún abẹ́ ọ̀rọ̀ mi. "Há! Sọ sí i." "Mo ti mọ̀, ojú ọmọ yẹn kì í ṣe lásán." Bí wọ́n ṣe ń béèrè ni mo ń fi kún un. Fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn ń gbọ́ tèmi lórí fíìmù yẹn.

Kí n tó ronú wò, wọ́n ti ya fọ́tò ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ẹnì kan sọ ọ́ ní Hausa, ó gbohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan sọ ọ́ ní Twi, èdè àwọn ará Gánà. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti wà lórí fóònù gbogbo àdúgbò.

Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ Nímọ́tà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀kan wá. Kò wọlé. Ẹnu géètì ló dúró sí. "Àǹtí Nímọ́, ẹ má bínú o," ló wí, "kì í ṣe pé mo gbà á gbọ́. Bàbá ọmọ ló ní kí n wá gbé e." Nímọ́tà gbé ọmọ náà fún un, ó tún bá a so ọ̀já. Ọmọ náà ń ké, ó ń nawọ́ sí Nímọ́tà.

Ní ọjọ́ kan, ó wá bá mi ní Circle. Kò jókòó. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Ka ibi tó ti ní mò ń ké lójú oorun."

Mo ṣe bí ẹni tó ń kà á. Ohun tí mo fi ìka ara mi tẹ̀ ni mò ń wò.

"Ta ló mọ̀ pé mò ń kérora tí mo bá sùn?" ló bi mí. "Màmá mi ti lọ. Ọkọ mi ò lè ṣe irú èyí. Ó wá ku ìwọ àti Sísí."

Sísí ni Nímọ́tà ń pe Ràfíátù. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, ó bá a nílé ọkọ, kì í pè é lórúkọ. Mo rò pé ó ti mú mi. Ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́. Ọjọ́ tí mo bá fura sí ẹ, á jẹ́ pé orí mi ti dàrú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo la ẹnu mi. Ohun tó jáde ni: "Ṣé ìwọ àti Ràfí ti wá parí ìjà yẹn?"

Wọ́n ti jà díẹ̀, lórí pé Ràfí lọ sí ayẹyẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìjà ilé lásán ni. Mi ò sọ pé Ràfí ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìbéèrè lásán ni mo bi í. Bí mo ṣe ń tan ara mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rí i bí ojú Nímọ́tà ṣe yí padà.

Àlùfáà, ẹ̀gbọ́n Mùfútáù tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú, pe ẹbí jọ. Wọ́n ní kí èmi náà wá. Wọ́n ní fóònù ni mò ń tà, mo máa lè bá wọn wádìí ẹni tó kọ ọ́. Mo lọ. Mo jókòó lórí ẹní pẹ̀lú wọn.

"Ràfíátù," ni Nímọ́tà pè é lọ́jọ́ náà. Kò pè é ní Sísí. "Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Ràfí ti ń sunkún. "Wàláì, Àlùfáà, mi ò kọ nǹkan kan," ló wí. Gánà ni wọ́n bí i sí, Twi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. "Ẹ wo Yorùbá tí wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi ò lè kọ irú ẹ̀. Onyame nim, Ọlọ́run mọ̀, mi ò tiẹ̀ lè kà á tán."

Òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ. Àlùfáà rò ó wò, ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ tó mọ̀ nípa fóònù, ṣé ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì bá a tẹ̀ ẹ́?"

Ràfí ń wò mí. Ó rò pé mo fẹ́ gba òun sílẹ̀.

Mo ní, "Ó ṣeé ṣe, Àlùfáà."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Wọ́n ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí inú Nímọ́tà á fi rọ̀. Ràfí kò gbé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Ó kù díẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tú u sílẹ̀ níbi iṣẹ́ aṣọ. Wọ́n mú un wọ ọkọ̀ lọ.

Ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ó ní, "Àǹtí, tí mo bá sọ̀rọ̀ níbí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ Gánà ni mí. Ẹ bá mi bẹ Àǹtí Nímọ́. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé mo bẹ̀ wọ́n. Ọlọ́run á dá yín lọ́lá." Mi ò tíì lè dá a lóhùn. Mo ti gbọ́ ọ nínú trotro, ọkọ̀ èrò, mo ti gbọ́ ọ nílé ìdáná, mo ti gbọ́ ọ láàárín ọjà. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń tún un gbọ́.

Ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú. Mo padà sí abẹ́ fíìmù yẹn. Pẹ̀lú orúkọ irọ́ kan náà, mo kọ ọ́ pé: "Irọ́ ni mo pa mọ́ ọmọ yẹn. Mómónì ni wọ́n fi pa á lọ́wọ́. Kì í ṣe àjẹ́." Mo rò pé ó tán nìyẹn. Ẹ wo èsì wọn: "Wọ́n ti dẹ́rù bà á." "Àwọn ológbò ti wọlé tọ òun náà nìyẹn." "Ẹ bá wa gbàdúrà fún arábìnrin yìí." Wọ́n gba irọ́ mi gbọ́ láìbéèrè ẹ̀rí, wọn kò wá gba òótọ́ mi gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi pa iná náà ló tún koná mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ òkú ológbò wá ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ni. Ọmọ Nímọ́tà obìnrin fẹ́ lọ gba omi, ó rí nǹkan nínú ọ̀rá dúdú níwájú ilẹ̀kùn, ó tú u. Ó sáré wọlé lọ pe ìyá rẹ̀, ó ní, "Mama, ológbò kan ń sùn níta, kò fẹ́ jí."

Nímọ́tà pè mí. Mo sáré lọ. Mo bá a níbi tó ti ń fi omi ọṣẹ fọ ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ti mọ́, ó ṣì ń fọ̀ ọ́. Àwọn ẹní tí àwọn ọmọ máa ń sùn lé wà ní kíká ní igun ògiri. Ó sọ fún mi pé onílé ti ní kí wọ́n wá ibòmíràn lọ kí òṣù tó ń bọ̀ tó parí, pé àwọn ayálégbé yòókù kò fẹ́ bá wọn gbé mọ́.

"Ṣé o rí i," ló wí, "bí wọ́n ṣe ṣe ọmọ inú fíìmù yẹn ni wọ́n ń ṣe mí. Àmọ́ òun tiẹ̀ ní àwọn ológbò rẹ̀." Ó wò mí. "Èmi náà ní ẹ. Ìwọ nìkan ló ń wọ ilé yìí tí ara ò fu mí. Tí mo bá kírun, mo máa ń dárúkọ ẹ."

Mo ní, "Nímọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ sọ."

Ó ju kànìnkànìn sínú garawa. "Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó máa mú mi sunkún, jọ̀ọ́, bá mi fi í sílẹ̀ lónìí. Ó ti rẹ̀ mí."

Mo fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo tún fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, mò ń rìn kiri Nímà bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọ nù. Mo ti dé ẹnu géètì rẹ̀, mo ti padà. Mo ti dé iwájú ilé kéú Àlùfáà, mo ti padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Ṣé Nímọ́tà ni, tó lè má tún fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́ láyé bó bá gbọ́ ọ? Ṣé Àlùfáà ni, kó lè ránṣẹ́ pe Ràfí padà kíá? Àbí Ràfí fúnra rẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá? Mo mọ̀ pé mo lè pàdánù gbogbo wọn. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dá mi láre. Ẹ kàn sọ fún mi bí mo ṣe máa ṣe é tí mi ò fi ní tún sá padà lẹ́nu géètì.

Ẹ̀yin tí ẹ wo fíìmù yẹn, tí ẹ gba ohun tí mo kọ gbọ́, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, mo bẹ ẹ̀yin náà. Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ bí ẹ ṣe fi tàkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ẹja ni àwọn ológbò yẹn ń tẹ̀ lé. Obìnrin tó ń fi ọṣẹ fọ ẹnu ọ̀nà ní Nímà kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ìwé yìí, mo yí gbogbo orúkọ padà kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ wá. Mo kà á tán, mo rí i pé ọ̀nà àtisá mìíràn ni mo tún ń wá. Mo ti dá wọn padà. Nímọ́tà ni Nímọ́tà. Ràfíátù ni ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi ni Sàlámátù tó ń ta ìbòrí fóònù ní Circle.

Nímọ́, bí èyí bá dé ọwọ́ rẹ kí n tó dé, jọ̀ọ́, pe Sísí kó máa bọ̀ nílé. Lẹ́yìn náà, ohun tó bá wù ẹ́ ni kí o fi mí ṣe.